Láti Weimar dé Bonn: Bí Àwọn Ará Jámánì Ṣe Tún Òfin Ìpìlẹ̀ Wọn Ṣe

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1948, àwọn aṣojú láti apá ìwọ̀-oòrùn Jámánì péjọ sí ìlú Bonn, létí odò Rhine, láti ṣe òfin ìpìlẹ̀ tuntun fún orílẹ̀-èdè wọn. Ogun ti ba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ńlá jẹ́ ní ilẹ̀ náà, nítorí bẹ́ẹ̀ ilé ìwòran ẹranko kan, Museum Koenig, ni wọ́n ti ṣí ìpàdé ọ̀hún. Àwọn 65 ni ó ní ẹ̀tọ́ láti dìbò. Àwọn márùn-ún mìíràn ti Berlin wá, àwọn yìí lè dá sí ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ìbò wọn kò níye. Obìnrin mẹ́rin péré ni ó wà láàrin àwọn 65 náà. Konrad Adenauer ni wọ́n fi ṣe ààrẹ ìgbìmọ̀, Carlo Schmid, ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ òfin, sì di alága ìgbìmọ̀ àgbà tí ó ń yẹ gbogbo ẹsẹ òfin wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tí kò mọ̀ pé ọdún 29 péré ni ó ti kọjá tí a ti ṣe irú iṣẹ́ kan náà ní ìlú Weimar. Àwọn kan nínú wọn, bí Helene Weber àti Paul Löbe, tilẹ̀ wà nínú àpéjọ Weimar fúnra wọn. Òfin ti Weimar yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn yìn ní 1919 pé kò sí irú rẹ̀ fún òmìnira. Kí wá ni ó dé tí ó fi jẹ́ pé, kí ó tó pé ọdún mẹ́rìnlá, ó ti di ohun èlò lọ́wọ́ àwọn tí ó fẹ́ pa á run? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ìbéèrè àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lásán lójú àwọn tí ó jókòó ní Bonn. Àwọn kan nínú wọn ti rí ẹ̀wọ̀n. Àwọn mìíràn ti sá kúrò nílé. Àwọn mìíràn sì ti dákẹ́ nígbà tí ó yẹ kí wọ́n sọ̀rọ̀.

Kí ọ̀rọ̀ Bonn tó lè yé ni, ó di dandan kí á kọ́kọ́ yẹ òfin Weimar wò. Hugo Preuss ni ó kọ àkọ́kọ́ ìwé rẹ̀. Àpéjọ fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 31 oṣù keje ọdún 1919, Ààrẹ Friedrich Ebert sì bu ọwọ́ lù ú ní ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ. Ó fún tọkùnrin tobìnrin tí ó ti pé ogún ọdún ní ẹ̀tọ́ ìbò. Ó to ẹ̀tọ́ ará ìlú lẹ́sẹẹsẹ. Ó sì gbé ààrẹ kalẹ̀, tí gbogbo ìlú yóò máa dìbò yàn fún ọdún méje, kí ẹnì kan lè wà tí yóò dúró gbọn-in bí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin bá ń mì.

Nínú agbára ààrẹ yìí ni ewu wà. Abala 48 sọ pé bí ìdààmú ńlá bá dé bá ààbò ìlú, ààrẹ lè ṣe ohunkóhun tí ó bá tọ́ láti mú nǹkan bọ̀ sípò, ó lè lo ọmọ ogun, ó sì lè dá abala méje nínú ẹ̀tọ́ ará ìlú dúró fún ìgbà díẹ̀. Àwọn tí ó kọ ọ́ kò ya aláìmọ̀kan: wọ́n fi kún un pé ààrẹ gbọ́dọ̀ sọ fún ilé ìgbìmọ̀ lójú ẹsẹ̀, àti pé bí ilé ìgbìmọ̀ bá ní kí ó wọ́gi lé àṣẹ rẹ̀, ó di dandan kí ó wọ́gi lé e. Ṣùgbọ́n abala 25 fún ààrẹ kan náà ní agbára láti tú ilé ìgbìmọ̀ ká. Ẹni tí ó bá ka abala méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kò ní rí nǹkan kan. Ẹni tí ó bá kà wọ́n pọ̀ yóò rí i pé ẹṣọ́ tí a fi ṣọ́ ààrẹ ni a fún ààrẹ ní àṣẹ láti lé lọ. Abala 48 tún ṣe ìlérí pé òfin mìíràn ń bọ̀ tí yóò sọ bí a óò ṣe máa lo agbára náà àti ibi tí yóò mọ. Títí tí ìjọba Weimar fi kú, a kò ṣe òfin náà. Nínú gbogbo àìṣedéédéé Weimar, bóyá èyí ni ó yẹ kí ó dun ni jù, nítorí àwọn aṣòfin ní ọ̀pọ̀ ọdún láti ṣe é, kò sì sí ẹni tí ó dì wọ́n lọ́wọ́.

Ebert fúnra rẹ̀ lo abala 48 ju ìgbà 100 lọ, pàápàá nígbà ọ̀tẹ̀ àti nígbà tí owó ìlú di ìwé lásán ní 1923. A kò lè dá a lẹ́bi púpọ̀, nítorí ó fi gba ìjọba tí òfin gbé kalẹ̀ là. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá fi ọwọ́ rere bẹ̀rẹ̀ máa ń di bárakú. Nígbà tí ó fi di oṣù keje ọdún 1930, ilé ìgbìmọ̀ kọ òfin ìṣúná tí Kánsẹ́lọ̀ Heinrich Brüning gbé wá. Ààrẹ Hindenburg fi abala 48 gbé e jáde gẹ́gẹ́ bí àṣẹ. Ilé ìgbìmọ̀ lo ẹ̀tọ́ rẹ̀, ó dìbò pé kí a wọ́gi lé àṣẹ náà. Lọ́jọ́ náà gan-an ni ààrẹ fi abala 25 tú ilé ìgbìmọ̀ ká, kò sì pẹ́ tí àṣẹ náà tún fi jáde. Nínú ìdìbò tí ó tẹ̀ lé e ní oṣù kẹsàn-án, ẹgbẹ́ Násì tí ó ní aṣojú 12 tẹ́lẹ̀ di ẹni tí ó ní 107. Láti ìgbà náà lọ, ilé ìgbìmọ̀ ń gbẹ bí odò nínú ọ̀gbẹlẹ̀. Ó jókòó fún ọjọ́ 94 ní 1930. Ní 1932 ọjọ́ 13 péré ni ó jókòó. Òfin márùn-ún ni ó ṣe ní ọdún 1932 yẹn, nígbà tí àṣẹ pàjáwìrì ti ààrẹ ju 50 lọ.

Àléébù kejì kò farahàn tó ti àkọ́kọ́. Abala 54 ní kí Kánsẹ́lọ̀ fi ipò sílẹ̀ bí ilé ìgbìmọ̀ bá dìbò pé òun kò fọkàn tán an mọ́. Ṣùgbọ́n kò ní kí ilé ìgbìmọ̀ sọ ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án ọdún 1932, ìbò 512 ni ó tako Kánsẹ́lọ̀ Franz von Papen, ìbò 42 péré ni ó tì í lẹ́yìn. Àwọn Kọ́múnísì ni ó dá a lábàá, àwọn Násì sì bá wọn dìbò. Ọ̀tá paraku ni àwọn méjèèjì yìí. Ní òpópónà wọ́n ń pa ara wọn. Wọn kò lè fi ẹnu kò lórí ẹyọ ènìyàn kan tí yóò jẹ́ olórí ìjọba, ṣùgbọ́n wọ́n lè fi ẹnu kò láti bi ìjọba ṣubú. Ìwólulẹ̀ nìkan ni ó so wọ́n pọ̀.

Ohun tí ó tẹ̀ lé e, gbogbo ayé ni ó mọ̀ ọ́n. Hindenburg fi Hitler ṣe Kánsẹ́lọ̀ ní ọjọ́ 30 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1933. Iná jó ilé ìgbìmọ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù kejì; ní ọjọ́ kejì rẹ̀ àṣẹ jáde lábẹ́ abala 48, ó dá òmìnira ará ìlú dúró, kò sì tún padà mọ́ títí Násì fi ṣubú. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹta, ilé ìgbìmọ̀ dìbò 444 sí 94 pé kí ìjọba máa ṣe òfin fúnra rẹ̀, àní òfin tí ó lòdì sí òfin ìpìlẹ̀. Ẹgbẹ́ òṣèlú Sosialdemokrat nìkan ni ó dìbò kọ̀ ọ́, Otto Wels ni ó sì gba ẹnu wọn sọ̀rọ̀ nígbà tí àwọn ọmọ ogun Hitler tò yí gbọ̀ngàn ká. Àwọn aṣojú Kọ́múnísì kò sí níbẹ̀. Wọ́n ti wà ní túbú tàbí wọ́n ti sá pamọ́. Nínú ìwé, a kò fi ọjọ́ kan ṣoṣo fagi lé òfin Weimar. Ó wà níbẹ̀ bí ilé tí ikán ti jẹ inú rẹ̀ tán.

Àwọn kan máa ń sọ pé òfin Weimar ni ó bí Hitler. Ọ̀rọ̀ yìí rọrùn jù. Ebi, àìríṣẹ́ṣe, ìbínú lórí ogun tí a ṣẹ́ wọn, àti àwọn àgbà onímọ̀ran tí ó rò pé àwọn lè fi okùn so kìnnìún mọ́lẹ̀, gbogbo wọn ní ìpín tiwọn. Òfin tí ó dára ju ti Weimar lọ lè wó pẹ̀lú bí àwọn tí ó dì í mú kò bá fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ òtítọ́ pé òfin náà kò mú kí iṣẹ́ àwọn apanirun nira. Èyí ni àwọn ti Bonn fẹ́ ṣe àtúnṣe sí: wọn kò lè dá ọkàn ènìyàn, ṣùgbọ́n wọ́n lè ti ilẹ̀kùn kan tàbí méjì.

Àwọn tí ó ṣẹ́gun Jámánì ni ó pe iṣẹ́ náà. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù keje ọdún 1948, ní Frankfurt, àwọn gómìnà ológun ti Amẹ́ríkà, Britain àti Faransé fi ìwé lé àwọn olórí ìpínlẹ̀ lọ́wọ́ pé kí wọ́n pe àpéjọ. Àwọn olórí ìpínlẹ̀ kò fi tayọ̀tayọ̀ gbà á, nítorí bí a bá ṣe òfin ìpìlẹ̀ fún apá ìwọ̀-oòrùn nìkan, ó lè dà bí ẹni pé a ti gbà kí ilẹ̀ náà pín sí méjì. Ìdí nìyí tí wọ́n fi kọ̀ láti pè é ní òfin ìpìlẹ̀ ìlú gẹ́gẹ́ bí ti Weimar. Orúkọ tí ó rẹlẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n fún un, Grundgesetz, ohun tí a óò fi gbé ìjọba ró títí ọjọ́ ìrẹ́pọ̀. Àwọn amòfin kọ́kọ́ jókòó ní oṣù kẹjọ ní Herrenchiemsee, erékùṣù kan nínú adágún ní Bavaria, wọ́n sì kọ ìwé tí àwọn ti Bonn fi ṣe ìpìlẹ̀ iṣẹ́.

Ohun àkọ́kọ́ tí òǹkàwé yóò rí ni pé ẹ̀tọ́ ará ìlú, tí ó wà lápá ẹ̀yìn ní Weimar, ti wá síwájú. Abala kìn-ín-ní bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iyì ọmọ ènìyàn pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́ lójú. Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dùn ún gbọ́ tó bẹ́ẹ̀, ni pé àwọn ẹ̀tọ́ wọ̀nyí de aṣòfin, ìjọba àti adájọ́ gẹ́gẹ́ bí òfin tààrà. Ní Weimar, púpọ̀ nínú wọn kò ju ìlérí lọ lójú àwọn adájọ́. A gba agbára àṣẹ pàjáwìrì lọ́wọ́ ààrẹ. A sì gba ìbò gbogbo ìlú lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí àpéjọ àwọn aṣòfin àti aṣojú ìpínlẹ̀ ni ó ń yàn án. Abala 80 ní kí ilé ìgbìmọ̀ tí ó bá fún ìjọba ní agbára láti ṣe ìlànà sọ ohun tí agbára náà jẹ́, ìdí rẹ̀ àti ibi tí ó mọ. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé ìbò oṣù kẹta 1933 ni ó wà lọ́kàn wọn. Abala 79 sì sọ pé a kò lè yí òfin ìpìlẹ̀ padà ní bòókẹ́lẹ́, àfi kí a yí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ padà ní gbangba, àti pé àwọn ohun kan wà tí ìbò kankan kò lè yí padà: ìpìlẹ̀ abala 1 àti abala 20, àti pípín tí a pín ilẹ̀ náà sí ìpínlẹ̀.

Lórí Kánsẹ́lọ̀, abala 67 ni ìdáhùn sí ìbò 512 ti 1932. Ilé ìgbìmọ̀ kò lè lé Kánsẹ́lọ̀ lọ àfi bí ó bá dìbò yan ẹlòmíràn sípò rẹ̀ nínú ìbò kan náà, pẹ̀lú iye tí ó ju ìdajì gbogbo aṣojú lọ. Ẹ wo bí àtúnṣe náà ti kéré tó lórí ìwé! Gbólóhùn kan ni. Ṣùgbọ́n ó sọ fún alátakò pé kò tó kí ó mọ ohun tí ó kórìíra. Ó gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí ó fẹ́.

Abala kan wà tí ìtàn rẹ̀ yàtọ̀, nítorí kì í ṣe ìbẹ̀rù Weimar ni ó bí i. Elisabeth Selbert ni orúkọ obìnrin tí ó jà fún un. Ìlú Kassel ni a ti bí i ní 1896. Ó ti bímọ kí ó tó lọ kọ́ ìmọ̀ òfin, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 1930 lórí ọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀ láàrin tọkọtaya. Nígbà tí Násì gba ìjọba, wọ́n lé ọkọ rẹ̀ kúrò níbi iṣẹ́, wọ́n sì tì í mọ́lé. Ní 1934 ni a gbà á sí ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò, kété kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn náà mọ́ àwọn obìnrin, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni ìdílé rẹ̀ fi jẹun ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn.

Ní Bonn, ìwé tí ó wà nílẹ̀ fẹ́ tún ọ̀rọ̀ Weimar sọ, pé tọkùnrin tobìnrin ní ẹ̀tọ́ àti ojúṣe kan náà gẹ́gẹ́ bí ará ìlú. Selbert mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ẹ̀tọ́ ìbò ni; kò dé inú ilé. Nínú ìwé òfin tí ó ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 1900, ọkọ ni ó ń pinnu gbogbo ohun tí ó jẹ mọ́ ìgbé ayé tọkọtaya, àní ibi tí wọn yóò máa gbé. Bí ilé ẹjọ́ bá sì fọwọ́ sí i, ọkọ lè fòpin sí iṣẹ́ tí ìyàwó rẹ̀ ń ṣe níta. Nítorí náà ó mú gbólóhùn kúkúrú wá: ọkùnrin àti obìnrin ní ẹ̀tọ́ dọ́gba. Àwọn amòfin mí kanlẹ̀. Wọ́n ní bí èyí bá wọlé, gbogbo òfin ìgbéyàwó yóò wó lọ́jọ́ kan. Kì í ṣe gbogbo àwọn obìnrin mẹ́ta yòókù ni ó kọ́kọ́ tẹ̀ lé e. Ní oṣù kejìlá ọdún 1948, ìgbìmọ̀ àgbà dìbò 11 sí 9, wọ́n kọ̀ ọ́.

Selbert gbé ọ̀rọ̀ náà jáde kúrò nínú gbọ̀ngàn. Ó ń lọ láti ìlú dé ìlú, ó ń bá àwọn obìnrin sọ̀rọ̀. Lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọ Bonn, láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ obìnrin, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti àwọn tí kò ní ẹgbẹ́ kankan. Ogun ti pa ọkùnrin púpọ̀. Àwọn obìnrin ni ó ń kó àlàpà ilé kúrò ní ìgboro, tí wọ́n sì ń bọ́ ọmọ. Ta ni yóò sọ fún wọn pé wọn kò lè pinnu ibi tí wọn yóò gbé? Ní ọjọ́ 18 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1949, ìgbìmọ̀ kan náà gba gbólóhùn náà láìsí ẹni tí ó takò ó. Àwọn tí ó ti kọ̀ ọ́ ní oṣù kan àbọ̀ ṣáájú sọ pé ó jọ pé a kò gbọ́ àwọn yé.

Wọ́n fi abala 117 kún un pé òfin àtijọ́ tí ó lòdì sí ìdọ́gba náà lè wà títí di ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 1953, kí aṣòfin lè rí àyè tún un ṣe. Ọjọ́ náà pé, aṣòfin kò tíì ṣe nǹkan kan. Ilé ẹjọ́ gíga fún òfin ìpìlẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Karlsruhe ní 1951, sọ ní oṣù kejìlá ọdún 1953 pé ìdọ́gba ti di òfin ná, bí aṣòfin tilẹ̀ sùn. Òfin àtúnṣe jáde ní 1957, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù keje 1958. Síbẹ̀ ó ṣì fi ọ̀rọ̀ ìkẹyìn lórí ọmọ sí ẹnu baba bí baba àti ìyá kò bá fẹnu kò. Ilé ẹjọ́ wọ́gi lé ìyẹn náà ní 1959. Selbert fúnra rẹ̀ kò dé ilé ìgbìmọ̀ àpapọ̀, kò sì di adájọ́ ní Karlsruhe.

Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù karùn-ún ọdún 1949, ọdún mẹ́rin gééré lẹ́yìn tí Jámánì túúbá, ìgbìmọ̀ gba ìwé náà pẹ̀lú ìbò 53 sí 12. Àwọn gómìnà ológun fọwọ́ sí i. Ilé ìgbìmọ̀ Bavaria nìkan ni ó kọ̀ ọ́ nínú gbogbo ìpínlẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbà pé òfin náà yóò de òun bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀ bá gbà á. Wọ́n kéde rẹ̀ ní ọjọ́ 23 oṣù náà.

Báwo ni àtúnṣe wọ̀nyí ti ṣe sí? Wọ́n fi abala 67 dánwò ní oṣù kẹrin ọdún 1972, nígbà tí Rainer Barzel fẹ́ gba ipò lọ́wọ́ Willy Brandt. Ìbò 249 ni ó nílò. 247 ni ó rí. Brandt dúró. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá ọdún 1982, Helmut Kohl rí ìbò 256, Helmut Schmidt sì lọ, láìsí ọjọ́ kan tí ilẹ̀ náà wà láìní olórí ìjọba. Spain fi irú rẹ̀ sínú òfin ìpìlẹ̀ tirẹ̀ ní 1978, òun ni Pedro Sánchez sì fi rọ́pò Mariano Rajoy ní 2018.

Àwọn àtúnṣe mìíràn kò rọrùn láti yìn tó bẹ́ẹ̀. Abala 21 jẹ́ kí ilé ẹjọ́ lè fòfin de ẹgbẹ́ òṣèlú tí ó bá fẹ́ bi ìjọba tiwa-n-tiwa wó. A fi de ẹgbẹ́ kan tí ó jọ ti Násì ní 1952, a sì fi de ẹgbẹ́ Kọ́múnísì ní 1956. Ti àkọ́kọ́ kò ṣòro láti lóye. Ti èkejì, ẹgbẹ́ tí agbára rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán tí kò sì ní aṣojú kan mọ́ ní ilé ìgbìmọ̀ àpapọ̀, ó ṣeé ṣe kí ìbẹ̀rù ti ju ewu lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ pàjáwìrì tí wọ́n rò pé àwọn ti lé jáde tún padà wá. Ní ọjọ́ 30 oṣù karùn-ún ọdún 1968, láàrin ìwọ́de àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́, ilé ìgbìmọ̀ dìbò 384 sí 100 láti fi ìlànà pàjáwìrì sínú òfin ìpìlẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ààrẹ kan ṣoṣo ni a fi agbára lé lọ́wọ́. Ilé ìgbìmọ̀ ni yóò pinnu bóyá ewu wà, ilé ẹjọ́ Karlsruhe yóò sì máa jókòó nìṣó. Láti fi tu àwọn tí ó ń bínú nínú, a fi kún abala 20 pé ará ìlú ní ẹ̀tọ́ láti kọjú ìjà sí ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ pa ètò náà run, bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn.

Ihò kan ṣì wà tí kò sí ẹni tí ó fi bẹ́ẹ̀ wò ó fún ìgbà pípẹ́. Iye àwọn adájọ́ Karlsruhe, tí í ṣe 16, àti ọdún 12 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń lò, òfin lásán ni ó sọ ọ́. Ìjọba tí ó bá ní ìbò tí ó lé díẹ̀ ní ìdajì lè fi adájọ́ kún un ní alẹ́ ọjọ́ kan. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ilé ẹjọ́ irú rẹ̀ ní Poland àti Hungary ni ó la àwọn ará Jámánì lójú. Ní ọjọ́ 19 oṣù kejìlá ọdún 2024, ilé ìgbìmọ̀ dìbò 600 sí 69 láti fi iye adájọ́ àti ọdún iṣẹ́ wọn sínú òfin ìpìlẹ̀. Wọn kò fi ìlànà pé ìdá méjì nínú mẹ́ta ìbò ni a óò fi máa yan adájọ́ kún un. Òfin lásán ni ó ṣì gbé ìyẹn ró.